Àwọn Kẹ̀kẹ́ Gíga Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀

Adárìn tí Ṣìjúadé wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ dúró lójijì láàárín Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀, tíì tó wà lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó tì í sì dà sí obìnrin náà lẹ́sẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ náà, kò sì sí èyí tó rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó pé ọdún méjìdínlógún tí ìjọba ti gba sítíárìn lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn n'Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wa ara rẹ̀, adárìn sì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń dín eré kù, ó máa ń yà fún èkejì, ṣùgbọ́n kí ó dúró pátápátá, kí gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà dúró títí dé orí òkè, a kì í rí i.

"Ṣé ó ti kú ni?" obìnrin onítíì béèrè.

Bàbá kan tó kọjú sí wọn ń fi ọwọ́ gbá gíláàsì. "Ilẹ̀kùn ò ṣí o! Ẹ wò ó, kò ṣí!"

Ohùn adárìn náà dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ẹ má bínú. Mo rí nǹkan kan níwájú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀."

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ṣìjúadé nìkan ló mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó. Ilé Ìsọlórúkọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń jókòó síwájú àwòrán, tó ń sọ fún àwọn adárìn pé ewúrẹ́ nìyí, ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbé nìyí, ọ̀gbàrá nìyẹn. Orúkọ tí ó bá fún nǹkan lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo ọkọ̀ ìlú yóò fi máa dá a mọ̀. Ó ti rò pé kò sí ohun tó kù lójú ọ̀nà Ìbàdàn tí òun kò tíì sọ lórúkọ.

Ó na ọrùn, ó wo ìta.

Táyà ló kọ́kọ́ rí, táyà kẹ̀kẹ́ lásán, èyí tí ó ti gbó. Ó tẹ̀ lé irin tó ti ara rẹ̀ lọ sókè, irin náà kò sì tán. Ó kọjá fèrèsé, ó kọjá òrùlé adárìn, ó ń lọ. Férémù kẹ̀kẹ́ méjì ni ẹnì kan gbé gun ara wọn, tó fi irin bẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀, tó sì so ṣéènì mẹ́ta mọ́ra kí ó lè gùn tó. Lókè pátápátá, níbi tó yẹ kí ojú sánmà wà, ẹsẹ̀ méjì ń yí pẹ́dà.

"Yéè!" bàbá náà pariwo. "Kí nìyí? Ẹ̀yin èèyàn, kí nìyí?"

Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì ló ń bọ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, tó wọ awò dúdú àwọn wẹ́dà, ló wà lórí ti iwájú. Ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín àwọn ọkọ̀ tó dúró, kò sì ṣubú. Obìnrin ló wà lórí èkejì, obìnrin àgbà, tó fi ìborí di orí gbọn-ingbọn-in, tó wọ ṣòkòtò kákí, tó sì so kúlà funfun kan mọ́ ẹ̀yìn. Àmì ilé ìwòsàn wà lára kúlà náà. Bí ó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bojú wolẹ̀ láti wo ibi tí táyà rẹ̀ máa gbà.

Ìyá Ṣìjúadé ni.

"Màámi," Ṣìjúadé sọ, ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

Obìnrin onítíì yíjú sí i kíákíá. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá," Ṣìjúadé dáhùn. "N ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ ti rí i. Ojú wọn ṣe mẹ́rin nínú gíláàsì. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì dúró, nítorí ẹni tó wà lókè bẹ́ẹ̀ kò rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ó bá dúró. Ó kàn wò ó bí èèyàn ṣe máa ń wo ojúlùmọ̀ àtijọ́ kan tí kò retí, ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti pé oṣù méje tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn.

Nígbà tí adárìn tún gbéra, Ṣìjúadé ṣì ń yíjú wo ẹ̀yìn.

*

"Ṣìjú, wá wo nǹkan."

Alhaji Tìámíyù ni, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Bí Ṣìjúadé bá sọ nǹkan lórúkọ, Alhaji ni yóò tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Láìsí ọwọ́ àwọn méjèèjì, orúkọ kì í dúró.

Àwòrán ìyá rẹ̀ ló wà níwájú Alhaji. Wọ́n yà á láti ìsàlẹ̀, nítorí náà kò sí ojú níbẹ̀, irin àti táyà nìkan ló hàn, pẹ̀lú nǹkan dúdú kan lókè.

"Adárìn mọ́kànlélógún ló fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí," Alhaji sọ. "Nígbà tí mo rí i, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

"Kí ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pè é?"

"Òjìji."

"Òjìji kẹ̀?"

"Kò rí ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò rí òǹtẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀ kankan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ga ju ènìyàn lọ. Lójú tirẹ̀, òjìji òpó iná ló jọ."

Ṣìjúadé di etí tábìlì mú. Ó mọ ohun tí adárìn ń ṣe sí òjìji. Ó máa ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kì í dín eré kù, kì í yà, torí bí ọkọ̀ bá ń dúró fún òjìji, kò sẹ́ni tó máa délé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́wàá bá lù tí o kò sọ nǹkan kan, òfin ní kí n fọwọ́ sí èyí tí ẹ̀rọ mú wá. Ọ̀gá àgbà ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko, ara gbogbo wọn ò balẹ̀."

"Bí mo bá pè é ní kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ dé Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀. Àwọn adárìn á há a mọ́ àárín títí ẹ̀ṣọ́ á fi dé, wọ́n á sì gbé ẹni tó gùn ún lọ." Alhaji gbójú sókè. "Àbí o mọ ẹni náà ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n," Ṣìjúadé tún sọ. Ó ti ń mú báàgì rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ fi ojú ara mi rí i kí n tó sọ ọ́ lórúkọ. Mò ń bọ̀."

"Ṣìjú! Aago mẹ́sàn-án ti kọjá o!"

Kò dúró. Ilé ìwòsàn tí àmì rẹ̀ wà lára kúlà náà kò jìnnà síbẹ̀. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ síbẹ̀ láti orí afárá, òǹtẹ̀ tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tan iná aláwọ̀ ewé bí ó ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìlú ló ní òǹtẹ̀. Òun ni adárìn fi ń mọ̀ pé èèyàn ló wà níwájú òun. Àwọn ará Òkè-Ìrókò kò ní in mọ́. Wọ́n kọ̀ láti kó kúrò nígbà tí ìjọba fẹ́ fi àdúgbò wọn ṣe ibùdó ọkọ̀, ni ìjọba bá gé òǹtẹ̀ wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìyá Ṣìjúadé, tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀ láti ogójì ọdún, wà lára wọn. Ẹni tó bá sì ń lọ kí wọn léraléra, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ṣìjúadé ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lọ mọ́.

*

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti bá wọn, lábẹ́ táńkì omi. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ méjèèjì ti irin táńkì. Ní ìdúró bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ga ju bí wọ́n ṣe rí lójú ọ̀nà lọ. Àkàbà táńkì náà ni wọ́n máa ń gùn kí wọ́n tó lè bọ́ sórí ìjókòó.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún.

"Ṣìjúadé," ó ní, bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra. "O ti jẹun?"

Ohun tí Ṣìjúadé ti tò lẹ́nu bọ̀ fò lọ. "Màámi, kí lẹ wọ̀ yìí?"

"Ṣòkòtò ni. Àbí kí n ró ìró gun orí ibẹ̀?"

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin!"

"Mo mọ ọjọ́ orí mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ yìí gùn. Eyín mi kan ti lọ." Ó ya ẹnu kí ọmọ rẹ̀ rí i.

"N ò gbọ́ rárá."

"Ibo lo ti fẹ́ gbọ́?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn gan-an ló dun Ṣìjúadé. Ìyá náà nawọ́ sí ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà. "Ọ̀jẹ́lékè nìyí, wẹ́dà àdúgbò wa. Òun ló ṣe wọ́n."

Ọ̀jẹ́lékè bọ́ awò rẹ̀, ó kí i.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ga tó báyìí?" Ṣìjúadé bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ ni ojú adárìn wà. Ẹsẹ̀ ló ń wá. Tó bá rí ẹsẹ̀ tí kò ní òǹtẹ̀, ó há ẹni náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ bá wà lókè lọ́hùn-ún, kò mọ ohun tó ń wò. Bí kò bá sì mọ nǹkan, ńṣe ló ń dúró. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà la ti ń gbà láti ọjọ́ mẹ́ta. Òní la kọ́kọ́ gba Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀, torí pé kò sáyè ká yí ká."

"Ìyàwó Gbénró bímọ ní ìdájí," ìyá náà sọ. "Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Àpò tí mo gbé lọ láàárọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára tán. Wọ́n ń mú méjì bọ̀ fún mi."

"Kí wọ́n rán adárìn aláìsàn síbẹ̀."

Ọ̀jẹ́lékè rẹ́rìn-ín. "Igbó ni wọ́n kọ sí àdúgbò wa nínú àwòrán ìlú. Adárìn wo ló ń wọ igbó?"

Ṣìjúadé mọ̀. Ilé iṣẹ́ wọn ló kọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Màámi, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ò lè tún jáde lónìí. Bí mo bá pè yín ní kẹ̀kẹ́, wọ́n á mú yín. Bí mo bá pè yín ní ọkọ̀ aláìsàn, irọ́ ni, wọ́n á gé òǹtẹ̀ mi. Bí n kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ á pè yín ní òjìji, àwọn ọkọ̀ á gba orí yín kọjá."

Ìyá rẹ̀ dẹ́kun fífi ọwọ́ ra orúnkún. "Ìwọ lo máa ń sọ ọ́? Iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Hùn." Ó dìde. Nọ́ọ̀sì kan ti yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ẹ̀jẹ̀ méjì. Ìyá náà gbà á, ó kó o sínú kúlà, ó yẹ ìdérí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. "Kì í ṣe ìwọ ni mo wá bẹ̀ níbí, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá gbà. Ọ̀jẹ́lékè, ṣáájú, lọ wo ojú ọ̀nà."

Ọ̀jẹ́lékè ti gun àkàbà. Ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni bọ́ sórí ẹṣin, ó sì jáde. Ìyá náà gba àkàbà tẹ̀ lé e, ó jókòó, ó di irin táńkì mú kó má bàa yẹ̀. Ṣìjúadé fi ọwọ́ méjèèjì gbá táyà iwájú mú nísàlẹ̀.

"Fi sílẹ̀, Ṣìjúadé."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n ronú!"

Nígbà náà ni aago ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn Alhaji Tìámíyù ni: "Ṣìjú, aago mẹ́wàá ti lù, mo ti bá ọ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àgbà dúró lé mi lórí. Òjìji ló wà níbẹ̀. Máa bọ̀."

Ó fẹ́ pariwo pe Ọ̀jẹ́lékè. Ariwo mìíràn ṣáájú tirẹ̀.

Irin ló dún, ó dún kíkan. Géètì ṣí sílẹ̀, wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà. Adárìn funfun kan gbá ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ Ọ̀jẹ́lékè pẹ̀lú eré tó ń bá bọ̀, kò dín in kù rárá. Kẹ̀kẹ́ náà ká bí okùn. Ọ̀jẹ́lékè fò kúrò lórí rẹ̀, ó balẹ̀ sórí òrùlé ọkọ̀ mìíràn, ó yọ̀, ó sì bọ́ sínú koríko etí ọ̀nà. Adárìn funfun náà ń lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e gba orí irin náà kọjá, ìkẹta gba orí rẹ̀, ìkẹrin. Àwọn èèyàn tó wà nínú wọn lẹ ojú mọ́ gíláàsì, ẹnu wọn là, a kò gbọ́ ohùn wọn. Kò sí èyí tó dúró. Kò sí èyí tó ní ẹ má bínú.

Ọ̀jẹ́lékè mira. Ó gbé orí sókè, ó di èjìká mú, ó sì bú sí igbe. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn sáré lọ gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ tí Ṣìjúadé ti ń sọ fún ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òjìji àwọ̀n, òjìji ẹyẹ, òjìji òpó. Kò rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe rí.

Ó yíjú padà. Ìyá rẹ̀ ti fi irin táńkì sílẹ̀. Ó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le, ó sì dojú kọ géètì.

"Màámi, ẹ dúró!"

"Obìnrin kan ń kú lọ, Ṣìjúadé. Kúrò lọ́nà!"

Ṣìjúadé kò kúrò lọ́nà. Ńṣe ló ṣáájú rẹ̀, ó sáré jáde, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí ọ̀dà Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ tan iná pupa. Gbogbo adárìn tó ń bọ̀, láti ibi tó dúró sí títí dé orí òkè, dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ènìyàn wà lójú ọ̀nà," ọkọ̀ iwájú sọ. Èyí tó tẹ̀ lé e gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn ń sọ ọ́, bíi ọgọ́ta ohùn jẹ́jẹ́ nínú oòrùn: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò. Ènìyàn wà lójú ọ̀nà."

"Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn mi!" ó kígbe sókè. "Ẹ má jìnnà sí mi!"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọnù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Kẹ̀kẹ́ gíga kò lè rọra lọ, á ṣubú, nítorí náà Ṣìjúadé kò lè rìn jẹ́jẹ́. Ọ̀dà gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn tó wà nínú àwọn ọkọ̀ dìde dúró láti wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ṣéènì tó ń han, àti èémí ìyá rẹ̀ lókè orí rẹ̀.

Aago ọwọ́ rẹ̀ tún sọ̀rọ̀. "Ṣìjú! Òǹtẹ̀ rẹ ni ẹ̀rọ ń pè láti ojú ọ̀nà! Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Ìyá mi ló wà lẹ́yìn mi," ó dáhùn, ó ń mí hẹlẹ. "Òun lẹ pè ní òjìji."

Ohùn Alhaji lọ sílẹ̀. "Mo bi ọ́. O ní o ò mọ̀ ọ́n."

"Mo purọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Lá ìlàhá illallah." Ó gbọ́ tí àga rẹ̀ sún sẹ́yìn. "Máa sáré. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ni màá fi yọ ọ́."

Ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wà lára àwọn tó dúró. Òun pẹ̀lú jẹ́ adárìn, kò sì lè rìn nígbà tí ènìyàn wà lójú ọ̀nà. Àwọn méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà wọn tó wúwo, ṣùgbọ́n wọn kò mọ eré sá.

Níbi tí ọ̀dà ti tán tí ilẹ̀ pupa Òkè-Ìrókò ti bẹ̀rẹ̀, Ṣìjúadé yà sí etí ọ̀dà. Kẹ̀kẹ́ náà kọjá lára rẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ wọ àárín ilé lọ. Ó dúró de àwọn ẹ̀ṣọ́. Èyí tó jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ló kọ́kọ́ dé, òógùn bò ó. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́. Ó béèrè ohun tó ń ṣe lójú ọ̀nà.

"Mò ń sáré," Ṣìjúadé sọ.

Ẹ̀ṣọ́ náà wá ibi tó máa kọ ìyẹn sí, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé òǹtẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lójú kan náà, gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú Ọ̀nà Gbọ̀ọ̀rọ̀ gbéra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pẹ̀lú eré, bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tẹ̀ lé e wọ inú àdúgbò. Iṣẹ́ wọn kò kọjá ọ̀dà.

*

Ilé àgbẹ̀bí náà jẹ́ yàrá méjì. Ìyàwó Gbénró nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ìyá Ṣìjúadé ti gún abẹ́rẹ́ sí i lápá.

"Fọ ọwọ́ rẹ," ó sọ láìgbójú sókè. "Wá gbé àpò yìí sókè. Gbé e sókè síi. Má sọ̀ ọ́."

Ṣìjúadé gbé e sókè títí apá rẹ̀ fi kú. Àpò kìíní tán, wọ́n fi èkejì sí i. Láàárín rẹ̀ ni ìròyìn dé pé egungun èjìká Ọ̀jẹ́lékè ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Alhaji Tìámíyù pè. Orúkọ náà ti kúrò nínú ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ gíga kò tún jẹ́ nǹkan kan mọ́, àwọn ọkọ̀ á máa dúró fún un. Wọ́n ti ní kí òun máa lọ sílé. Kò dún lóhùn rẹ̀ bí ẹni tó ń bínú. Ó béèrè bóyá ìyá Ṣìjúadé wà láàyè.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n gan-an nígbà tí ìyàwó Gbénró lajú. Ó wo àjà, ó wo àwọn méjèèjì.

"Ebi ń pa mí," ó ní.

Ìyá Ṣìjúadé rẹ́rìn-ín. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ó bo obìnrin náà dáadáa, ó gbé ọmọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì. Itan rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò kákí náà, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ dá wọn dúró, kò ṣeé ṣe. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ṣìjúadé kò rí i kí ó sunkún rí, kì í tilẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú.

Ó jókòó tì í.

"Ẹ̀rù bà mí o, Ṣìjúadé," ìyá rẹ̀ sọ. "Ẹ̀rù bà mí láti ilé débẹ̀, láti ibẹ̀ délé. Gbogbo ìgbà tí mo bá gùn ún ni ẹ̀rù ń bà mí."

Ṣìjúadé di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú títí ó fi dẹ́kun gbígbọ̀n.